Bolzano, ìlú tí àwọn ọlọ́jà ti dá ẹjọ́ ara wọn

Nítorí òkú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń wọ ìlú Bolzano, tó wà ní àfonífojì láàárín àwọn òkè Alps, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Ítálì. Lọ́dún 1991 ni tọkọtaya kan láti Jámánì, Helmut àti Erika Simon, rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín lórí òkè. Ìwádìí fi hàn pé ó ti lé ní 5,000 ọdún tó ti kú. Ötzi ni wọ́n sọ ọ́. Láti 1998 ló ti wà nínú yàrá títutù kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, ojú fèrèsé kékeré kan sì ni àwọn tó bá sanwó ìwọlé ti ń wò ó.

Àmọ́ owó tó tọ́ sí àwọn tó rí i he di ẹjọ́. Ọkọ ti kú kí ìjọba agbègbè náà tó gbà lọ́dún 2010 láti san 175,000 yúrò. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún 19!

Bẹ́ẹ̀ ìlú yìí kan náà mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ owó láyé àtijọ́. Ọ̀nà òkè Brenner, tí ẹrù ń gbà láàárín Ítálì àti Jámánì, ló gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún sì ni wọ́n ń ná ọjà ńlá. Bí ará Ítálì bá ta aṣọ láwìn fún ará Jámánì, tí onígbèsè wá yí ohùn padà, èdè wo ni wọn yóò fi rojọ́? Òfin ìlú ta ni wọn yóò tẹ̀ lé? Lọ́dún 1635, Claudia de' Medici, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Tyrol nígbà náà, fún àwọn oníṣòwò ní ilé ẹjọ́ tiwọn. Ọlọ́jà ni adájọ́, àti ará Ítálì àti ará Jámánì. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò rí gbèsè òun gbà ni yóò tún padà wá.

Palazzo Mercantile, ilé tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Òpópónà Portici ló wà, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tò sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òjò kì í pa oníbàárà. Iwájú àwọn ilé náà kò fẹ̀ rárá, àmọ́ wọ́n gùn lọ sẹ́yìn gan-an. Ta ni kò fẹ́ ojú títì?

Owó ìṣòwò náà ni Niklaus àti Franz Vintler, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fi ra ilé olódi Runkelstein lọ́dún 1385, tí wọ́n ya àwòrán ọdẹ, ijó àti ìtàn sára ògiri rẹ̀. Àwọn àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀. Etí odò Talvera ni èèyàn lè gbà láti àárín ìlú, kó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.