Ìwé fún Ọmọ Elédè Méjì: Òótọ́ àti Irọ́

Òbí Yorùbá tó bá ń wá ìwé Yorùbá fún ọmọ ọdún mẹ́ta ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ̀ràn ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ìwé. Ìyá ìyàwó á ní kó wá ìwé ABD. Olùkọ́ jẹ́léósinmi á ní kó fi Yorùbá sílẹ̀ ná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá kọ ló dáa jù. Bákan náà ló rí fún òbí tó wà ní Lẹ́kí ní Èkó tàbí Bódìjà ní Ìbàdàn, níbi tí bàbá àgbà ti ń fi Yorùbá pe ọmọ, tí ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ. Ìmọ̀ràn ọ̀hún kì í ṣe irọ́ látòkèdélẹ̀, àmọ́ irọ́ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń ná òbí lówó.

Irọ́: Èdè méjì á da ọmọ láàmú, ẹ jẹ́ kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán ná

Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti ń fi etí ya èdè sọ́tọ̀. Bí èdè kan ṣe ń ró, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ló fi ń mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀hún. Ní 1913, Jules Ronjat, onímọ̀ èdè ará Faransé, tẹ ìwé kan jáde lórí ọmọ rẹ̀, Louis. Èdè Faransé ni bàbá ń bá ọmọ sọ, Jámánì ni ìyá ń bá a sọ, ọmọ sì gbọ́ méjèèjì lágbọ̀ọ́yé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìwé yẹn ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń dẹ́rù ba òbí.

Ohun tó ń já àwọn òbí láyà ni pé ọmọ ń po èdè pọ̀: "Mọ́mì, mo fẹ́ júùsì tó wà nínú fíríìjì." Ẹ lọ sí ọjà Balógun lọ́sàn-án Sátidé, kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń po tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń gbé wọn lọ rí dókítà.

Ẹ̀rù kejì ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kéré. Ní 1993, Barbara Pearson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Miami ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì. Bí wọ́n bá ka ti èdè kan péré, ó lè dà bíi pé ọmọ rẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ka méjèèjì pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ elédè kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ máa ń mọ nǹkan ilé lédè ilé, á sì mọ nǹkan ilé ìwé lédè ilé ìwé.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń ra ìwé. Yorùbá inú ilé máa ń sún kì títí á fi ku àṣẹ àti ìbéèrè nìkan. Wá jẹun. Lọ wẹ̀. Bàtà rẹ dà? Ta ló da omi sílẹ̀? Ọmọ lè gbọ́ gbogbo ìyẹn fún ọdún márùn-ún láì gbọ́ alágẹmọ, láì gbọ́ ìlara, láì gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ pé ẹnì kan ronú, ó sì yí ọkàn padà. Iṣẹ́ ìwé nìyẹn. Ìwé tó tún ń kọ́ ọmọ ní ṣíbí àti abọ́ kò ṣe nǹkan kan tí ìyá rẹ̀ kò tíì ṣe. Èyí tó mú ọmọ jáde kúrò nílé ìdáná, tó gbé e lọ sí odò, sí oko, sí ààfin, sí àárín ìjà àwọn ẹranko, òun ni kẹ́ ẹ náwó sí.

Irọ́: Ìwé Yorùbá á ṣàkóbá fún Gẹ̀ẹ́sì ọmọ nílé ìwé

Mọdákẹ́kẹ́ ni ìdáhùn èyí wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan níbẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A". Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ ni, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì tẹ̀ lé ètò tí gbogbo ilé ìwé ń lò nígbà náà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tó fi Yorùbá kàwé kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta yọ nínú iṣẹ́ yòókù.

Àwọn kan ní ìwé àti olùkọ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ló dára ju ti ibòmíràn lọ, pé ìyẹn ló gbè wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Àwọn olùwádìí yẹn ní láti jókòó kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá kí iṣẹ́ tó lè lọ. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà 2022 tó sọ èdè abínibí di èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní èsì ìdánwò àwọn ọmọ ló fà á. Èmi kò rí ibi tí èdè ti jẹ̀bi níbi tí kò ti sí ìwé lórí tábìlì.

Jim Cummins ní Kánádà ti ń ṣàlàyé láti 1979 pé ìmọ̀ ìwé kíkà máa ń bá ọmọ kọjá láti èdè kan sí èkejì. Ọmọ tó ti mọ̀ ní Yorùbá pé ìtàn ní ìdí, pé ẹni tó parọ́ lójú ìwé kejì á rí i jẹ lójú ìwé kẹwàá, kò tún ní kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Irọ́: Ìwé ABD ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rà

Ìwé ABD kò burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ọmọ: ajá, bàtà, dòdò. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ tún jẹ́ pé wọ́n kàn yí ti Gẹ̀ẹ́sì padà ni. Ẹ ṣí i sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó: lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, bẹ́ ẹ bá rí C, Q, V, X tàbí Z níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ẹ wo ojú ewé U náà. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U (ará Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé lè fi ibẹ̀ yangàn), nítorí náà ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi U hàn láàárín ọ̀rọ̀, bíi ti ewúrẹ́.

Irọ́: Àmì ohùn máa ń dẹ́rù ba ọmọdé, ẹ wá ìwé tí kò ní i

Àgbàlagbà tó bá rí "igba" láìlámì á fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ bóyá igbá ni, tàbí ìgbà, tàbí igba náírà. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ kò ní ohun tó máa fi mọ̀ ọ́n. Ìwé tí kò lámì ń bi ọmọ ní àlọ́ tí kò lè já.

Ẹ tún wo àkọtọ́ rẹ̀. Ìwé tó kọ "aiye" àti "enia" ti wà ṣáájú àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974. Ẹ̀yin lè kà á fún ọmọ láìséwu, torí etí kì í rí sípẹ́lì. Ọmọ tó ń kà fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá ìtẹ̀jáde tuntun fún.

Ìdajì òótọ́: Ìwé elédè méjì ló dáa jù

Mantra Lingua ní Lọ́ńdọ̀nù ń tẹ ìwé ọmọdé tí Gẹ̀ẹ́sì àti èdè mìíràn jọ wà lójú ewé kan, Yorùbá sì wà lára wọn. Kò ṣàjèjì sí wa. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1860, Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe òbí lóore ju ọmọ lọ. Ìyá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò mọ ohun tí gbólóhùn kan túmọ̀ sí, á wo ìsàlẹ̀, á sì máa bá a lọ. Àmọ́ ọjọ́ tí ọmọ bá ti mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń sá lọ, Yorùbá á wá di ọ̀ṣọ́ ojú ewé. Ẹ fi pépà bo Gẹ̀ẹ́sì náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà á. Ẹ sì wò ó bóyá Yorùbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn: ẹ ka ojú ewé kan sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ahọ́n yín bá ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ló jẹ̀bi, kì í ṣe ẹ̀yin.

Irọ́: Yorùbá mi kò jinlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún un

Irọ́ yìí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí àwọn tó fẹ́ràn èdè gan-an ló ń pa á fún ara wọn. Ní 1988, Grover Whitehurst àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn òbí kan bí wọ́n ṣe lè kàwé fún ọmọ: kí wọ́n yéé kà á lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa bi ọmọ léèrè, kí wọ́n gba èsì rẹ̀, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún un. Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ yẹn ti ju ti ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n kàn ń kàwé fún lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá èdè òbí jinlẹ̀. Èsì ọmọ ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí àlọ́ àpagbè rí á mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kò tuntun. Bí àwọn ọmọ kò bá gbe orin, apàlọ́ kò lè tẹ̀ síwájú. Ọmọ tí kò tíì lè so gbólóhùn Yorùbá kan pọ̀ lè gbe orin Ìjàpá ní àgbètán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n wá Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ. Ìwé náà ga ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kà á lálẹ́, ẹ ó sì fi ẹnu ara yín pa á fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ìwé ìtàn Fágúnwà pa mọ́ ná. Ògbójú Ọdẹ tó ti wà láti 1938 kò ní sá lọ.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílé náà lè ṣiṣẹ́. Kòkòrò inú The Very Hungry Caterpillar, tí Eric Carle ṣe ní 1969, jẹ èso kan lọ́jọ́ Ajé, méjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí ó fi jẹ márùn-ún lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ pe èso rẹ̀ ní àgbálùmọ̀. Ọmọ á bá yín jiyàn pé kò jọ ọ́; ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá jiyàn.

Òótọ́: Ọmọ á ní kẹ́ ẹ tún ìwé kan náà kà, kẹ́ ẹ tún un kà

Ẹ tún un kà. Ìwé mẹ́ta tí ọmọ mọ̀ lórí sàn ju ogún tó wà lórí pẹpẹ. Bówó kò bá sí, àwọn ìtàn Yorùbá wà lára èyí tí African Storybook ti South Africa ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín, torí oríṣiríṣi èèyàn ló ń kọ ọ́, àmì ohùn àwọn kan kò pé.

Ẹ̀yin atẹ̀wé wa ní Ìbàdàn àti Èkó, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ tó kù wà. Ẹ ṣe ìwé páálí tí ọmọ ọdún méjì lè kó sẹ́nu, ẹ fi ìtàn àti orin tó ṣe é gbè sínú rẹ̀, ẹ fi àmì ohùn sí i pátá. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún tó jáde sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dé Peckham àti Houston. Àwọn òbí tó máa rà á ti ń dúró.