Bí Ìjálá Ṣe Wọ Inú Ìwé Òyìnbó

Níbi tí àwọn ọdẹ bá pé jọ sí láti bọ Ògún, oníjàálá kì í sun ìjálá fún òpè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó yí i ká, etí wọn wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gbé oríkì ìdílé kan fún ìdílé mìíràn, tàbí tó fo ibi tí kò yẹ kó fò, ọ̀kan nínú wọn á já ohùn gbà, á sì bá a wí lójú agbo. Ẹni tí wọ́n bá wí náà kì í dákẹ́. Ó ní bí òun náà ṣe ń fèsì, àríyànjiyàn yẹn á sì di ara eré. Adébóyè Babalọlá ló ṣàkọsílẹ̀ àṣà yìí nínú ìwé tó ṣe lórí ohun tó wà nínú ìjálá àti bí a ṣe ń ṣe é, èyí tí ilé ìtẹ̀wé Oxford gbé jáde lọ́dún 1966.

Mo fi àṣà yìí ṣáájú nítorí pé láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìtumọ̀ ewì wa. Lágbo ọdẹ, ẹni tó lè tún ewì ṣe wà ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kó o sínú ìwé, tí wọ́n sì yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní bó ṣe fẹ́ mọ̀ pé olùtumọ̀ ti ṣìnà. Lójú tèmi, ìṣòro yìí tóbi ju ti àìrí ọ̀rọ̀ tó bára mu lọ.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìjálá, àwọn ọmọ Yorùbá ti ń kọ ewì ẹnu sílẹ̀ fún ara wọn. Àlùfáà Líjàdù tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde lọ́dún 1898, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ Jésù ló ń ṣe. Ọbasá, olóòtú ìwé ìròyìn The Yoruba News n'Íbàdàn, kó ewì jọ sínú ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1927. Yorùbá ni wọ́n ń kọ, Yorùbá ló ń kà á, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè òyìnbó.

Babalọlá ni ìbéèrè yẹn já lé léjìká. Ìpetumodù ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1926. Ó kàwé ní Cambridge, ó ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Igbóbì, ó sì wá mú ìjálá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí fún oyè dókítà ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba ohùn àwọn oníjàálá sílẹ̀, ó kọ ọ́ ní Yorùbá, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì ṣe àlàyé lórí rẹ̀. Ìṣòro kò tiẹ̀ dúró de Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bó ṣe mú gègé báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀: níbo ni ìlà ewì ti ń parí? Ẹnu kì í fa ìlà. Oníjàálá lè rọ́ ọ̀rọ̀ gbọọrọ lórí èémí kan, kó sì fi ọ̀rọ̀ méjì péré ṣe èémí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ìlà sí i lórí ìwé ti ṣe ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, kó tó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ohùn. À ń sun ìjálá, à ń sun rárà, à ń pe ẹ̀sà, à ń ki oríkì, obìnrin tó ń lọ sílé ọkọ ń sun ẹkún. Oríkì ìdílé kan náà lè jáde lẹ́nu ọdẹ, kó jáde lẹ́nu onírárà, kó sì tún jáde lábẹ́ aṣọ eégún. Ọ̀rọ̀ lè bára mu, síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa á ti mọ èyí tó jẹ́ ìjálá kí ọ̀rọ̀ kejì tó jáde, nítorí bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn rẹ̀ ni. Nínú ìwé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbejì. Ìrèmọ̀jé, tí Báde Àjùwọ̀n ṣe ìwádìí lé lórí, tún ní àkókò tirẹ̀: ibi ìṣípà ọdẹ tó ti kú ni wọ́n ti ń sun ún. Ẹkún tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é kó lọ sí ojú ìwé, bó ti wù kí olùtumọ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì tó.

Ọfọ̀ ló wá le jù nínú gbogbo rẹ̀. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó ewé jọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè sí i. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ máa ń jọ pín ìró kan. Bí wọ́n bá dárúkọ ewé tẹ̀tẹ̀ nínú ọfọ̀, kí etí yín máa retí “tẹ̀”, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Inú ìró yẹn ni agbára ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ wá orúkọ tí òyìnbó ń pe tẹ̀tẹ̀, ẹ fi sí ipò rẹ̀: ewé ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n okùn tó so wọ́n pọ̀ ti já. Òǹkàwé á máa rò pé àwọn baba wa kàn ń to ọ̀rọ̀ jọ bó ṣe wù wọ́n. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí kò sí ewì tí wọ́n fara balẹ̀ hun tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1950, bá Bákàrè Gbàdàmọ́sí ará Òṣogbo ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìwé ewì Yorùbá tí wọ́n jọ túmọ̀ jáde lọ́dún 1959. Gẹ̀ẹ́sì wọn fúyẹ́, ó dùn kà, kò sì ní àlàyé gọbọi lábẹ́. Ìwé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òyìnbó, àti ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí kò gbọ́ Yorùbá, mọ̀ pé ewì wà nílẹ̀ yìí. N kò ní fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ìwé Babalọlá ni n ó mú, pẹ̀lú gbogbo bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe ń rìn wúwo. Yorùbá wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ já a ní koro. Díẹ̀ lára ohun tí àwọn ọdẹ ń ṣe fún ara wọn lágbo ṣì ṣeé ṣe lórí ìwé náà.

Karin Barber ló wá tú apá tó ṣókùnkùn jù sí gbangba. Láàárín àwọn ọdún 1970 ló lọ gbé ní Òkukù, kò jìnnà sí Òṣogbo, ó sì gbé ìwé ńlá jáde lórí oríkì ìlú náà lọ́dún 1991. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ki oríkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bí ọ̀rọ̀ inú oríkì, ọwọ́ àwọn àgbà ọkùnrin agbo ilé ló sábà máa ń wà. Obìnrin lè ki baba ńlá kan débi tí ọmọ rẹ̀ á fi sunkún, kó má sì lè sọ ohun tí gbólóhùn kan pàtó ń tọ́ka sí. Wọ́n á ní kí ẹ lọ bi baálé. Baálé á sọ tirẹ̀; ní agbo ilé kejì, tí wọ́n jọ ń jẹ́ oríkì náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ìtàn mìíràn.

Kí ni olùtumọ̀ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Bó bá mú ìtàn kan, tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ìkejì ti kú lójú òǹkàwé nìyẹn. Bó bá kọ méjèèjì, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Mo gbà pé kó kọ méjèèjì, kó sì sọ agbo ilé tó ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oríkì tí kò yé èèyàn délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kó lè jẹ́ ọmọ onílé ni yóò mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún 1967, ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé Oxford, Babalọlá gbé ìwé mìíràn jáde, Àwọn Oríkì Orílẹ̀. Ó yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò pátápátá. Àwa ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́ fún, síbẹ̀ ó rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí òun ní láti fi Yorùbá túmọ̀ fún wa.