Igún Tí A Kì í Pa

Níbi ìkómọ nígbà èwe wa, àgbà kan kò ní í ṣàì gbé omi sókè kó ní, "Gúnnugún kì í kú léwe, ọmọ yìí kò ní í kú léwe." Gbogbo ilé á dáhùn pé, "Àṣẹ!" Kí wọ́n tó pín ìrẹsì, àwa ọmọdé á ti sá lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, níbi tí àwọn gúnnugún náà gan-an bà sí lórí páànù, tí wọ́n sorí kọ́, tí wọ́n ń ṣọ́ alápatà bí ológò tó dógò ti ajigbèsè. A ń sọ òkò lù wọ́n. Wọn kì í fò jìnnà. Bí ìyá àgbà kan bá rí wa, ariwo ni: "Ẹ má pa á o! Èèwọ̀ ni!"

Ẹyẹ náà kò lẹ́wà: ìyẹ́ dúdú rúsúrúsú, orí pípá, ojú pípọ́n, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀. Ìtàn orí pípá yẹn ló dùn.

Wọ́n ní ọ̀dá kan dá láyé àtijọ́, òjò kọ̀, odò gbẹ. Wọ́n wá ẹni tí yóò gbé ẹbọ lọ sọ́run, gbogbo ẹyẹ ń ṣe àwáwí. Igún ló gbé e. Kó tó padà dé, òjò ti ń rọ̀. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn kó lè rí ibi yà sí, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un, ńṣe ni àwọn ẹyẹ yòókù ń sọ ọ́ lórí títí ìyẹ́ ibẹ̀ fi tán. Ní Kúbà, àwọn ọlọ́ṣun ní tiwọn: Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló di ọ̀kín, tó gbé ẹ̀bẹ̀ ayé lọ bá Olófin, ìyẹn Ọlọ́run, lókè, tí oòrùn jó ìyẹ́ aláràbarà rẹ̀ lójú ọ̀nà títí ó fi di igún. Ibú Kolé ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun yìí. Igún ọ̀hún kì í ṣe irú tiwa gan-an, síbẹ̀ mo fẹ́ràn ìtàn tiwọn ju tiwa lọ. Nínú tiwọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jíṣẹ́.

Bí a bá gbé ẹbọ sí oríta tí igún bà lé e, ọkàn ẹlẹ́bọ á balẹ̀. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Èèwọ̀ tó sì wà lórí rẹ̀ kò kéré: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ yìí, nítorí ó pa ẹyẹ náà mọ́ fún wa kí ìjọba kankan tó ṣòfin. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Kò sọ pé a kì í ra igún.

Ibẹ̀ ni gbogbo òwò náà gbà wọlé. Ẹ yà sí ìsọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà: láàárín ọ̀gà gbígbẹ, ìkarahun ahun àti ìyẹ́ odídẹrẹ́, ẹ lè bá orí igún pàdé. Wọ́n ní igún máa ń lá àlá ibi tí ẹran yóò kú sí, ìyẹn ló fi ń ṣáájú gbogbo ayé débẹ̀. Ẹni tó bá lo orí rẹ̀ yóò máa rí ọ̀la. Ẹ ò rí i pé àwọn atatẹ́tẹ́ tó ń wá nọ́ńbà tí yóò jáde kò ní í jẹ́ kó sinmi. Ti àwúre ńkọ́? Wọn a jó orí náà pọ̀ mọ́ ataare nínú ìkòkò títí yóò fi dúdú, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú fún wíwẹ̀, tàbí kí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ sí àtàrí. Oníṣòwò ń fẹ́ ẹ kí ọjà lè yá, olóṣèlú ń fẹ́ ẹ kí ipò má bàa bọ́. Ìyẹ́ wà fún ààbò lọ́wọ́ ayé. Eegun wà fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n á lọ̀ ọ́, á fi ẹ̀kọ mu ún. Oníṣègùn kan tẹnu mọ́ ọn fún mi pé ti ẹ̀mí gígùn ló lágbára jù, nítorí ohun tí kì í kú léwe ni. Ẹyẹ tí wọ́n pa ní kékeré ló gbé dání bó ṣe ń sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀mí gígùn là ń wá, orógbó wà níbi ìkómọ, kò sì sẹ́ni tó ń dẹ májèlé kó tó rí i rà.

Nítorí májèlé ló ń pa ọ̀pọ̀ igún. Wọ́n á bu oògùn apakòkòrò sára òkú ẹran, igún rẹpẹtẹ á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Guinea-Bissau lọ́dún 2020, èyí tó kú báyìí láàárín oṣù díẹ̀ ju 2,000 lọ. Wọ́n bá òkú ọ̀pọ̀ wọn láìlórí. Ohun tí ẹyẹ jẹ kú kò kúrò lára rẹ̀. Èmi kò tíì rí ataare tó ń pa oró apakòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi ẹ̀kọ mu ún kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Láti 1990 sí 2013, àwọn onímọ̀ ka òkú ẹyẹ ajẹran 2,646 ní ọjà 67, ní orílẹ̀-èdè 12 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Igún àti àwòdì nìkan kó ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹyin kan péré ni igún sì ń yé lọ́dún. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá inú ìgbẹ́, ti kà á mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Ẹni tó bá ní kò kàn án, kó bi àwọn ará Íńdíà: diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù tí igún wá ń jẹ òkú wọn, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igún tiwọn tán kí wọ́n tó fòfin dè é fún ẹran ọ̀sìn ní 2006. Òkú màlúù ń rà nílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀, dìgbòlugi ń bá wọn pọ̀.

Òfin kò ṣàìsí. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko tó fẹ́ parun. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ló fẹ́ tú àpò lẹ́kùlẹ́jà wò? Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, fi wù mí: wọ́n ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ọlọ́jà jókòó pé kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Baba tó mọ odúndún, tẹ̀tẹ̀, rinrin àti pèrègún, tó sì mọ ọfọ̀ wọn, kí ló fẹ́ fi orí ẹyẹ ṣe? Àwọn tí kò kọ́ ewé yé ló ń wá orí igún kiri.

Mo bi babaláwo kan l'Óṣogbo bí ẹbọ ṣe ń dà lásìkò tí igún ti wọ́n yìí. Ó ní ajá ló ń jẹ ẹ́ ní oríta báyìí. Mo ní, "Baba, ṣé ajá lè fò dé ọ̀run ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè ọ̀fẹ́, kí n gbé owó sílẹ̀ kí òun dífá sí i.