ẸJA ÀLEJÒ: KÍ LÓ DÉ TÍ A FI Ń YÀ Á SỌ́TỌ̀?

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí adìẹ bá dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ni í fi í dúró. Adìẹ mọ̀ pé àlejò ni òun, ó ń wo bí ilé ṣe rí kí ó tó fi ẹsẹ̀ kejì lélẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹja òkun tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú táǹkì onígíláàsì, kì í ṣe àlejò nìkan ni ó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Onílé gan-an ló yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Ẹja kan ṣoṣo tí a rà lónìí, tí ara rẹ̀ ń dán, tí ó sì ń jẹun dáadáa, lè pa gbogbo ẹja tí a ti ń sìn láti ọdún pípẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Báwo ni èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kí ni a lè ṣe kí ó má baà ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè méjì yìí ni a fẹ́ dáhùn.

Ẹni tí kò sin ẹja rí lè bèèrè pé kí ló kan òun. Ó kàn án. Òfin tí ó de ẹja inú gíláàsì ni ó de ẹja àrọ̀ inú adágún tí a gbẹ́, òun náà ni ó de adìẹ inú ọgbà àti ènìyàn inú ilé: kì í ṣe gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ń dán ni ara rẹ̀ le.

IBI TÍ ẸJA NÁÀ TI Ń BỌ̀

Púpọ̀ nínú ẹja odò tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí sí ọgbà ẹja. Ti òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn láàyè, pàápàá ní Philippines àti Indonesia, Amẹ́ríkà ni ó sì ń ra èyí tí ó pọ̀ jù. Apẹja yóò mú un, yóò tà á fún alágbàtà, alágbàtà yóò tà á fún ẹni tí ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun. Yóò wọ ọkọ̀ òfurufú nínú àpò ọ̀rá, yóò dé ọwọ́ olówò ńlá, kí ó tó dé ìsọ̀ ẹni tí yóò tà á fún wa.

Ibi kọ̀ọ̀kan tí ó bá dúró sí lójú ọ̀nà dà bí ibùdókọ̀ tí èrò gbogbo ìlú ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń fi ife kan ṣoṣo mumi. Ebi ń pa á, ẹ̀rù ń bà á, omi rẹ̀ kò mọ́, nítorí náà agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà ti dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú òkun, kòkòrò tí ó bá já kúrò lára ẹja, omi lè gbá a lọ jìnnà, yóò sì ṣòro fún un láti rí ẹja mìíràn. Nínú táǹkì, ẹja kò ní ibi tí yóò sá sí.

Ọ̀TÁ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Yorùbá ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó bá tan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olórí ọ̀tá ẹja òkun inú táǹkì rí. Cryptocaryon irritans ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀; E. M. Brown ni ó fún un ní orúkọ náà ní ọdún 1951. Àwọn tí ń sin ẹja a máa pè é ní àrùn ẹ̀tọ́ funfun, nítorí pé ara ẹja náà yóò dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ìgbé ayé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wà.

Lákọ̀ọ́kọ́, yóò wọ abẹ́ awọ ẹja, yóò máa jẹ ẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Nígbà tí ó bá yó, yóò já bọ́ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, yóò lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí iyanrìn, yóò sì kọ́ ilé líle yí ara rẹ̀ ká. Nínú ilé yìí ni yóò ti máa pín ara rẹ̀ títí yóò fi di púpọ̀, nígbà mìíràn bí igba (200). Lẹ́yìn náà ni ilé yóò là, àwọn ọmọ yóò jáde, wọn yóò máa lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja kiri. Bí wọn kò bá rí ẹja láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kíkú ni wọn yóò kú.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta. Èkíní, oògùn kò lè wọ ilé líle yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí èyí tí ó wà lábẹ́ awọ mú dáadáa. Ìgbà tí ọmọ kòkòrò bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nìkan ni ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́. Èkejì, ilé kan lè là ní ọjọ́ kẹta, òmíràn lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn onímọ̀ sì ti rí èyí tí ó pẹ́ tó ọjọ́ 72. Ẹ̀kẹta ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Nígbà tí ẹ̀tọ́ funfun bá pòórá, inú olówó ẹja a dùn pé ó ti sàn. Kò tíì sàn. Kòkòrò ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bímọ ni. Nígbà tí yóò bá padà, kì í ṣe òun nìkan ni yóò padà wá.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kòkòrò náà lè fara pamọ́ sí ibi tí ẹja ti ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ̀tọ́ kan má sì hàn lára. Ọ̀tá kejì, Amyloodinium ocellatum, tí Brown yìí kan náà ṣàpèjúwe ní 1931, ibi ìmí gan-an ni ó fẹ́ràn jù. Tirẹ̀ a máa yá kánkán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè pa gbogbo agbo. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

TÁǸKÌ ÌYÀSỌ́TỌ̀

Ọgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1377, ìlú Ragusa, tí a ń pè ní Dubrovnik lónìí, pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ti ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà dé dúró sí ibòmíràn fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó wọ ìlú. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ di ogójì ọjọ́, láti inú ogójì yẹn ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é ti jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àrùn bá wà lára ẹni, ọjọ́ yóò tú u fó.

Ohun tí a nílò kò pọ̀. Fún ẹja kékeré, táǹkì tí ó gba lítà 40 sí 80 tó. A kò ní fi iyanrìn tàbí òkúta sí i, nítorí pé kòkòrò lè kọ́lé sí i, òkúta sì tún ń fa oògùn mu. Páìpù ike tí a gé wẹ́wẹ́ ni a ó jù sínú rẹ̀ kí ẹja lè rí ibi sá pamọ́ sí. A ó fi ẹ̀rọ tí ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, àti ìdérí, nítorí pé ẹja tí ẹ̀rù ń bà a máa fò jáde. Iyọ̀ omi náà gbọ́dọ̀ bá ti omi tí ẹja náà ti wá mu. Nínú òkun, ó tó gíráàmù 35 nínú lítà kan.

Asẹ́ omi ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja ń di amóníà, amóníà a sì máa jó ibi ìmí ẹja. Àwọn bakitéríà kan ni ó ń pa á lára dà, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pọ̀. Nítorí náà, kí a ti fi kànrìnkàn asẹ́ sínú táǹkì tí kò ní àrùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ọjọ́ tí a óò ra ẹja. Bí a kò bá ṣe èyí, a lè fi ìyàsọ́tọ̀ pa ẹja tí àrùn kò pa.

Àwọ̀n, garawa àti aṣọ ìnuwọ́ ti táǹkì yìí kò gbọdọ̀ kan èkejì. Omi díẹ̀ tí ó kù sára àwọ̀n tó láti gbé àrùn. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí ẹja náà lò níbẹ̀, ó kéré tán. Bí a bá sì fi ẹja tuntun mìíràn kún un ní ọjọ́ ogún, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti orí ení.

ṢÉ KÍ A FÚN ẸNI TÍ KÒ ṢÀÌSÀN NÍ OÒGÙN?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn wà. Àwọn kan ní kí a máa wo ẹja náà lójú lásán, kí a má fún un ní oògùn àyàfi bí àrùn bá fojú hàn, nítorí pé oògùn náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn ní kí a fún gbogbo ẹja òkun tí a mú nínú igbó omi ní oògùn, nítorí pé àrùn tí ó sá pamọ́ kò ní dúró dè wá. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí. Lójú tèmi, ìyàsọ́tọ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn, kí a mọ kòkòrò tí a fẹ́ fi pa kí a tó mú un.

Bàbà ni oògùn tí ó ti pẹ́ jù. Ní 1955, Robert Dempster ti Steinhart Aquarium ní San Francisco kọ̀wé lórí bí a ṣe lè lò ó. Mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà kan ni wọ́n máa ń lò fún bàbà lásán, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Àwọn oògùn bàbà tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn ní ìwọ̀n tiwọn lára ìgò, ó sì lè ju èyí lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ó bá dín, kòkòrò kò ní kú. Bí ó bá lé, ẹja ni yóò kú. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ohun tí a fi ń wọn bàbà inú omi, kí ó má fọwọ́ kàn án. Edé, akàn, ìgbín òkun àti iyùn ààyè kò sì lè bá bàbà gbé rárá.

Chloroquine, tí àwọn òbí wa lò fún ibà títí ara fi ń yún wọn, tí Nàìjíríà sì fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005, wà lára oògùn ẹja òkun: mílígíráàmù 10 nínú lítà kan ni wọ́n máa ń lò. Praziquantel, tí a ń lò fún àrùn títọ ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń lé aràn pẹlẹbẹ tí ń lẹ̀ mọ́ awọ ẹja. Wọ́n a máa tún un lò lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, nítorí pé kì í pa ẹyin aràn.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ní oògùn nínú. Ní 1987, Angelo Colorni ní ìlú Eilat, ní Ísírẹ́lì, ṣàlàyé pé bí a bá ń gbé ẹja láti inú táǹkì kan sí òmíràn tí ó mọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àrùn ẹ̀tọ́ funfun yóò tán. Kí ilé kòkòrò tó là, ẹja ti kó lọ. Táǹkì méjì tó: bí a bá ti ń lo ọ̀kan, a ó fọ èkejì, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kò ran ọ̀tá kejì.

Ti oògùn tí ń pa bakitéríà yàtọ̀ pátápátá. Kí a má ṣe fi í dènà àrùn tí a kò rí. Yóò pa bakitéríà asẹ́, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù lára àwọn tí ń ṣeni ní ibi yóò kọ́ bí a ti í kọ oògùn. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà tí a bá ń ra kápúsù méjì méjì lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn.

BÍ ÀRÙN BÁ TI WỌLÉ ŃKỌ́?

Gbogbo ẹja ni a ó kó jáde lọ tọ́jú níbòmíràn, a ó sì fi táǹkì ńlá sílẹ̀ láìsí ẹja fún ọjọ́ 76, kí ilé kòkòrò tí ó pẹ́ jù lè là, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má rí ẹni jẹ. Edé àti iyùn lè dúró, nítorí pé kòkòrò yìí kò lè jẹ wọ́n. Ẹ wá fi ọjọ́ 76 yìí wé ọgbọ̀n ọjọ́ tí a kọ̀ láti fi sùúrù lò níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹja àti ẹran ọ̀sìn, ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí òkun. Ẹja odò náà ní àrùn ẹ̀tọ́ funfun tirẹ̀, ọmọ ẹja àrọ̀ tí a rà láti ọgbà ẹlòmíràn sì lè gbé e wọ adágún wa. Garawa ńlá kan, asẹ́ kan àti sùúrù ni owó orí rẹ̀. Ẹja òkun tí a mú kúrò ní ilé rẹ̀, tí ó la ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò yẹ kí ó kú lọ́wọ́ wa nítorí pé a ń kánjú wò ó nínú gíláàsì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ o. Ó kù kí a gbọ́n.