Bí Koríko Òkun Gbígbẹ Ṣe Di Asẹ́ Òjé àti Bàbà

Omi kò lọ́tàá ni àwọn baba wa máa ń wí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti dá ilé-iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń da omi ìdọ̀tí tí òjé, bàbà àti kádíọ́mù ti yòrò sínú rẹ̀ sódò, àwa gan-an ni a sọ ara wa di ọ̀tá omi. Ní Toyama ní ilẹ̀ Jàpáànù, kádíọ́mù láti ibi ìwakùsà ṣàn wọ odò Jinzu, ó gba inú omi dé inú ìrẹsì, ó sì ń fọ́ egungun àwọn ènìyàn, kí ìjọba tó kéde òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ní 1968.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bohumil Volesky ti Yunifásítì McGill ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, wà lára àwọn tí ó wá ẹ̀rọ̀ sí irú ìṣòro yìí. Olú tín-tìn-tín tí ó ti kú ni ó kọ́kọ́ fi dán an wò, kí ó tó yíjú sí koríko òkun; nígbà tí ó sì di 1993, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, Holan àti Prasetyo, kéde pé gíráàmù kan péré koríko Ascophyllum nodosum gbígbẹ lè gba kádíọ́mù tí ó ju 100 mílígíráàmù lọ mọ́ra.

Àṣírí rẹ̀ ni alginate, ohun fífà bí ọbẹ̀ ilá tí E. C. C. Stanford ti rí nínú koríko òkun ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ní nǹkan bí 1881: kálísíọ́mù ni ó ń jókòó sára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjé tàbí bàbà bá yọjú, kálísíọ́mù a dìde, àlejò a sì gba ìjókòó onílé.

Ṣùgbọ́n inú omi oníyọ̀ ni a ti ń mọ akọni, nítorí òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru: sódíọ́mù inú iyọ̀ a máa du àyè mọ́ àwọn irin wọ̀nyí lọ́wọ́, kíláráìdì a sì di kádíọ́mù mú kí ó má baà dé ara koríko, ṣùgbọ́n òjé àti bàbà kì í tètè jáwọ́ lára koríko ní tiwọn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a dán koríko wò nínú omi oníyọ̀ gan-an tí a fẹ́ fọ̀. Bí koríko bá sì yó, ásíìdì tí kò le ni a fi ń ṣàn án, irin a bọ́ sínú omi díẹ̀, koríko a sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lára àwọn tí wọ́n dán wò ní 1993 ni Sargassum natans, ọ̀kan lára irú koríko tí òkun, alagbalúgbú omi, ti ń gbé wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 2011, tí ó ń dí àwọ̀n àwọn apẹja wa. Ẹ̀yin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ẹ̀yin onílé-iṣẹ́, kí a tó gbẹ́ kòtò sin ohun tí Olókun fi ta wá lọ́rẹ, ẹ fi omi ìdọ̀tí tiwa dán an wò.