Saimin, noodles olómi aláta ti Hawaii: inú omitooro ni èrè rẹ̀ wà

Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ tà, ọ̀rọ̀ yín la gbé dé lónìí. Noodles, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Indomie láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí, ti di oúnjẹ ojoojúmọ́, àwọn tó ń sè é tà lẹ́bàá títì sì pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àdúgbò bá ń sè bákan náà, iye kan náà ni wọn yóò máa rà á. Ní erékùṣù Hawaii, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé wà tó jẹ́ pé noodles olómi ni wọ́n ń tà jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Saimin ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè kọ́kọ́ sè é nínú ilé yín, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣeé tà.

Inú oko ìrèké ni saimin ti jáde. Àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í kó òṣìṣẹ́ wá láti Ṣáínà lọ́dún 1852, àwọn ará Japan ya dé láti 1885, àwọn ará Philippines sì tẹ̀ lé wọn láti 1906. Èdè Ṣáínà ni orúkọ oúnjẹ náà, ‘noodles tẹ́ẹ́rẹ́’ ló túmọ̀ sí, àmọ́ ti Japan ni omitooro rẹ̀ jọ. Oko ìrèké ńlá tó kù ní Hawaii ti kógbá sílé lọ́dún 2016. Saimin ṣì wà.

Ẹ wo ilé oúnjẹ ìdílé kan tó ń jẹ́ Hamura Saimin nílùú Lihue. Ilé kékeré ni, síbẹ̀ àjọ James Beard, tó ń fún àwọn alásè ní àmì ẹ̀yẹ ní Amẹ́ríkà, dá wọn lọ́lá lọ́dún 2006. McDonald’s náà kò lè fojú fo saimin dá. Ọ̀gbẹ́ni Maurice Sullivan, tó gbé McDonald’s wọ Hawaii lọ́dún 1968, ló rọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa tà á níbẹ̀. Wọ́n tà á fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 2022.

Ó yá, ẹ gbé ìkòkò kaná. Líítà omi mẹ́ta ni kí ẹ lò. Àwọn ará Hawaii máa ń rẹ ewéko inú òkun gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní kombu sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á sì yọ ọ́ kí omi tó hó, torí pé ó máa ń korò bó bá pẹ́ lórí iná. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kó egungun adìẹ kílò kan sí i pẹ̀lú atalẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí iná kékeré fún wákàtí kan, kí ẹ máa bu ìfófòó orí rẹ̀ dànù. Iná ńlá ló ń sọ omitooro di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò da ìkúnwọ́ méjì edé gbígbẹ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, edé tí a mọ̀ yìí náà ni! Ẹ kọ́kọ́ ṣan yanrìn ara rẹ̀ dànù. Tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi iyọ̀ àti soy sauce díẹ̀ sí i.

Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti bọ noodles, nínú omi míì. Ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ kó o sínú abọ́, kí ẹ wá da omitooro gbígbóná lé e. Àlùbọ́sà eléwé, ẹyin àti ẹran gígé pẹlẹbẹ ló ń lọ sórí rẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nítorí àwọn oníbàárà tí kì í jẹ ẹ́, adìẹ dára jù.

Ata ńkọ́? Wọn kì í sè é mọ́ ọn. Omi ata ni wọ́n ń ṣe sínú ìgò: ata wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá, áyù kan, iyọ̀ àti ṣíbí fínígà kan, kí a da ife omi gbígbóná méjì lé e, kí a sì gbé e sínú fíríìjì. Oníkálukú á ta á sí tirẹ̀ bó ṣe lè jẹ ẹ́. Èyí wù mí púpọ̀, nítorí pé ìkòkò kan ṣoṣo á tó fún ọmọdé àti àgbà.

Ibi tí owó ti ń sọnù rèé. Líítà mẹ́ta tí ẹ gbé kaná kì í kù ju bíi méjì lọ tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán. Bí abọ́ kan bá gba ìdajì líítà, abọ́ mẹ́rin lẹ ní. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní mílílítà 400, márùn-ún ni. Tí owó gáàsì, egungun, edé àti noodles bá gba owó abọ́ mẹ́rin, abọ́ karùn-ún yẹn nìkan ni èrè yín, ẹni tó ń fojú bù ú sì ti fi tọrẹ. Ẹ ra ife ìwọ̀n.

Ẹ má sì bọ noodles sílẹ̀ de oníbàárà, torí yóò wú. Omitooro tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó tètè tutù, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sè é hó dáadáa lọ́jọ́ kejì. Níbi tí iná kò bá dúró, ìwọ̀n tí ẹ lè tà tán lóòjọ́ ni kí ẹ gbé kaná.