Ẹ Má Ṣe Mọ Abúlé Orí Òkè ní Kérésìmesì Nìkan

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọmọ, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni ẹ lọ kí àwọn òbí ọkọ yín ní abúlé kẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò dáhùn pé Kérésìmesì ni, tàbí ọdún Iléyá, tàbí ọjọ́ ìsìnkú ẹnì kan. Èmi náà kì í lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan rí, ohun tí ó sì ti ibẹ̀ jáde kò dùn mọ́ mi nínú.

Ìnísà ni mò ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti wọkọ̀ dé Ìkìrun, àpáta ni yóò máa wò ó lójú. Bí ó bá sì gba Ìrèé àti Àdá lọ sí Igbájọ, ọ̀nà a máa gòkè, afẹ́fẹ́ a sì máa tutù. Apá ibẹ̀ ni Ìrèsì àti Ọ̀tan Ayégbajú wà pẹ̀lú òkè tí ó yí wọn ká. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní àgbègbè yìí ni abúlé ìyá ọkọ mi wà. Ilé ibẹ̀ kò pé ogún.

Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀kan ni ó mú àwọn baba wa kọ́lé sí ibi tí omi ti ṣòro. Ogun ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n ja ogun Jálumi ní Ìkìrun. Nígbà ogun Kírìjí, Igbájọ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ sì wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní òdìkejì. Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó túká. Ẹni tí ogun ń lé kò ní ráyè bi òkè léèrè bóyá omi wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ìdànrè ṣe gbé orí òkè tiwọn fún ìran púpọ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Àwọn abúlé kan kò sọ̀kalẹ̀ rárá, torí pé ibẹ̀ ni oko wọn àti sàréè àwọn baba wọn wà.

Ọdún mẹ́rin léraléra ni a fi ń lọ sí abúlé náà ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ní ìgbà náà, iṣu kún ilẹ̀, epo wà nínú ìkòkò, adìẹ ń rìn káàkiri. Nígbà tí a bá fẹ́ padà, Ìyá yóò di ẹrù sínú ọkọ̀ wa títí táyà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Mo máa ń wí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni ó wà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ mi. Ní ọdún kẹrin, mo rí àwọn iṣu kéékèèké kan tí wọ́n tò sí igun lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn irú rẹ̀ ní sísun, mo sì tọrọ díẹ̀. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kó ogún fún mi. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ètò oúnjẹ kò mọ èbù nígbà tí mo rí i.

Oṣù Kẹta ọdún tí ó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ gbé mi dé Igbájọ, mo sì gun òkè lọ kí Ìyá láìránṣẹ́ ṣáájú. Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ, mo gbọ́ ìró kẹ́ẹ̀gì. Ìyá ń lọ síbi ìsun. Mo tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀ nínú òkùnkùn, omi ń kán tó-tó-tó láti inú àpáta, oòrùn sì ti yọ kí ó tó kàn wá. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: erùpẹ̀ orí àpáta kò jinlẹ̀, ìwọ̀nba omi òjò díẹ̀ ni ó lè gbà dúró, ìyókù a sì ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì sí Ìkẹta, ìwọ̀nba náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Gààrí tí wọ́n rà lọ́jà ni a jẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé oko, mo rí ebè tí wọ́n kọ tí wọn kò rí nǹkan gbìn sí. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá ní èbù ni kò tó. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì wo ojú mi. Ẹ̀yin arábìnrin mi, ogún ebè ni mo fi sun iṣu jẹ fún àwọn ọmọ mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ ní oríṣiríṣi àkókò. Abúlé kan náà kọ́ ni ẹ óò bá nígbà òjò. Láàrin oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà, gbogbo òkè a di tútù yọ̀yọ̀, àlejò a sì máa yin ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni ebi wà, torí iṣu àtijọ́ ti tán, àgbàdo kò sì tíì gbó. Ohun tí ń gbé àwọn obìnrin ró ni ẹ̀bọlọ́, wọ̀rọ̀wọ́, ìgbín àti olú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí wọ́n mọ olú dájú ja á fún yín, torí olú olóró kò ní àmì lórí. Ọ̀nà a máa yọ̀, nítorí náà ẹ pọn ọmọ dáadáa, kí ẹ sì fi bàtà onígìgísẹ̀ sílẹ̀ nílé. (Mo ti rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ wá. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi sọ̀kalẹ̀.)

Ìgbà òjò yìí ni a lè ran ọ̀rọ̀ omi lọ́wọ́. Bí páànù bá wà lórí ilé, ẹ bá wọn ra àgbá tí ó ní ìdérí, kí ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù náà dànù kí wọ́n tó gbe omi. Àpá sọ̀bìà wà ní ojúgun ìyá ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ń yọ lẹ́nu ní Nàìjíríà láàrin ọdún 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní i kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè sẹ́ kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Omi tí ọmọ yín yóò mu níbẹ̀ gbọ́dọ̀ hó.

Nípa iṣu tuntun oṣù Kẹjọ, ẹ jẹun, kí ẹ dúpẹ́. Ní ìgbà kòkó, ẹ má ṣe lọ jókòó kí wọ́n máa se oúnjẹ fún yín. Ẹ bá wọn yọ kòkó nínú èèpo, kí ẹ bá wọn sá a. Oṣù Kìíní ni mo fẹ́ràn jù. Ọyẹ́ a mú, àwọn obìnrin a bó iṣu, wọn a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọn a fi í sílẹ̀ mọ́jú, wọn a sì sá a sórí àpáta gbalasa fún èlùbọ́. Àpáta tí ó fi omi dù wọ́n, òun náà ni ó ń bá wọn gbẹ iṣu. Ẹ mú òrí dání fún awọ àwọn ọmọ.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ dín ti Kérésìmesì kù, kí ẹ fi kún ti oṣù Kẹrin. Iyọ̀, ọṣẹ, ẹja gbígbẹ àti owó díẹ̀ dára ju búrẹ́dì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wí pé ẹ gbọ́ pé ebi ń pa wọ́n. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní, “Ìyá, ẹ bá wa tọ́jú èyí.” Wọn yóò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn.

Èmi ra ogójì èbù ní oṣù Kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo sì gbé wọn gòkè lọ. Ìyá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya márùn-ún sọ́tọ̀, ó dá iná, ó sì ní kí n lọ pe àwọn ọmọ wá jẹ iṣu sísun.